Ẹ Má Bá a Tún Un Rán: Bí Ọ̀gá Ṣe Lè Fa Ọmọṣẹ́ Mọ́ra Kí Iṣẹ́ Má sì Bàjẹ́

Alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni. Aṣọ ẹbí méjìlá ló gbọ́dọ̀ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù mi kí ọ̀sán Sátidé tó pọ́n. Ọmọṣẹ́ mi kan ti rán síìpù sẹ́yìn gáùn kan, síìpù náà sì wọ́ bí ejò. Mo ní kó máa lọ sílé kí ilẹ̀ má baà ṣú mọ́ ọn lọ́nà. Bó ṣe lọ tán ni mo mú abẹ, mo tú síìpù, mo tún un rán. Aago kan òru lù kí n tó fẹ̀yìn lélẹ̀. Nígbà tí oníbàárà gba aṣọ lọ́jọ́ kejì, ó yìn wá gan-an. Ọmọ náà gbọ́, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó gbà pé iṣẹ́ ọwọ́ òun ni wọ́n ń yìn.

Mo ṣe bẹ́ẹ̀ tó ẹ̀ẹ̀mẹrin. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, inú mi ru. Mo bú u níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, mo ní ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣe ọwọ́ ẹni tó ń rán aṣọ. Ó dákẹ́ títí mo fi sọ tán, ó wá ní, "Àǹtí, ẹ ò sọ fún mi rí pé síìpù mi ò dáa."

Òótọ́ ló sọ. Ojora ló ń mú mi, mo sì ń pè é ní àánú. Mi ò fẹ́ kí ojú rẹ̀ fà ro, mi ò fẹ́ kí ìyá rẹ̀ gbọ́ pé mo le bí ojú ẹja. Mo wá kó ìbínú oṣù mẹ́ta jọ, mo dà á lé e lórí lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ṣòfin fún ara mi pé mi ò ní bá ẹnikẹ́ni tún iṣẹ́ rẹ̀ rán ní kọ̀rọ̀ mọ́. Inú òfin yẹn ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ síbí ti jáde. Iṣẹ́ télọ̀ ni mo mọ̀, òun ni mo fi ń ṣe àpẹẹrẹ. Ẹni tó ń dirun, tó ń jó irin, tó ń tún mọ́tò ṣe, á rí tirẹ̀ níbẹ̀.

1. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tó bá dé

Bó ṣe máa ń rí ni pé òbí á mú ọmọ wá, wọ́n á gbé páálí mínírà àti bisikíìtì dání, wọ́n á ní, "Ọmọ yín ni o, ẹ bá wa kọ́ ọ," ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Nígbà tó bá di ọdún méjì, ìjà á bẹ́. Ìyá ọmọ á ní ọdún méjì làwọn dá, ọ̀gá á ní mẹ́ta ni.

Ohun tó yẹ kó wà nínú ìwé àdéhùn kò pọ̀. Ọdún mélòó ni? Aago mélòó la ń ṣí, aago mélòó la ń tì? Ta ló máa ra sísọ́ọ̀sì, téèpù àti ẹ̀rọ? Ṣé owó oúnjẹ wà? Bí aṣọ oníbàárà bá bàjẹ́, báwo la ṣe máa ṣe é? Èló ni fíríìdọ́ọ̀mù? Ẹ kà á sókè ní Yorùbá lójú òbí àti ọmọ, kí ọmọ fúnra rẹ̀ náà buwọ́ lù ú, kí ẹ mú ọ̀kan, kí wọ́n mú ọ̀kan lọ.

Òfin òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà tí wọ́n ń pè ní Labour Act mọ ọ̀rọ̀ yìí. Ó gbà kí òbí fi ìwé àdéhùn fa ọmọ tó ti lé lọ́dún 12 tí kò sì tíì pé 16 lé ọ̀gá lọ́wọ́ láti kọ́ṣẹ́, ó ní ọmọ náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, kò sì gbọdọ̀ ju ọdún 5 lọ. Ní ti ẹni tí ẹ ń sanwó fún, òfin kan náà ní kí ẹ fún un ní ìwé tí àlàyé iṣẹ́ àti owó rẹ̀ wà nínú rẹ̀, kó tó pé oṣù mẹ́ta tó ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ọ̀gá kan máa ń sọ fún mi pé ìwé kì í jẹ́ kí ìfẹ́ wà láàárín ẹni. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé dúró kì í gbọ̀n nígbà tí ọ̀gá bá wọlé.

2. Ẹ jẹ́ kó fojú rí iṣẹ́ tó dáa

"Rán an dáadáa" kì í ṣe iṣẹ́ tí èèyàn lè jẹ́. Búbà kan wà lára ògiri mi tí mo fi inú rẹ̀ síta. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń rí bí a ṣe wíìfù etí aṣọ náà kó má baà tú, bí ìṣẹ́tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe jẹ́ íǹṣì kan géérégé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ọrùn rẹ̀ ṣe jókòó tí kò ká kò. Ọmọṣẹ́ á gbé tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á fi téèpù wọ̀n ọ́n, kó tó pè mí pé òun ti ṣe tán.

Bí mo bá ránni níṣẹ́, mi ò kì í béèrè pé "Ṣó yé ẹ?" Kò sọ́mọ tí wọ́n kọ́ nílé tó máa dójú ti ọ̀gá pé kò yé òun. "Ó yé mi, mà" ló máa wí, kódà bí etí rẹ̀ ò bá gba nǹkan kan. "Kí lo máa kọ́kọ́ ṣe?" ni mò ń bi wọ́n. Lọ́jọ́ kan, mo ní kí ọmọ kan gé búbà jáde lára lésì yáàdì márùn-ún, kí ìyókù wà fún ìró. Nígbà tó máa sọ ọ́ padà fún mi, ó ní òun á kọ́kọ́ gé ìró. Sísọ́ọ̀sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá gé e bó ṣe wà lọ́kàn rẹ̀ ni, apá búbà ì bá má tó, lésì oníbàárà ì bá sì ti lọ.

3. Ṣé kò mọ̀ ọ́n ni, ṣé nǹkan ń dí i lọ́wọ́ ni, àbí kò kà á sí?

Kí ẹ tó lanu sọ̀rọ̀ nípa àṣìṣe, ẹ kọ́kọ́ wá ìdáhùn sí ìbéèrè yìí. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ẹ̀kọ́ ni yóò gbà. Ẹni tí nǹkan ń dí lọ́wọ́, ẹ bá a gbé nǹkan ọ̀hún kúrò lọ́nà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n, tí ohunkóhun ò dí i lọ́wọ́, tí kò kàn kà á sí, òun la ń le mọ́.

Ọmọbìnrin méjì ní ṣọ́ọ̀bù mi bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ dé nígbà kan náà. Aago mẹ́jọ la ń ṣí, àwọn á dé ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀. Mo pe ìkínní sẹ́yìn, mo bi í. Bàbá rẹ̀ ló dùbúlẹ̀ àìsàn, òun ló ń mú àwọn àbúrò lọ sílé ìwé kó tó kọjú sọ́nà. Èkejì ò rí àlàyé kan ṣe. Fíìmù ló ń wò lórí fóònù títí di òru, ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́.

Mo sún aago ti ìkínní sí mẹ́sàn-án, mo ní kó máa fi wákàtí kan pẹ́ lẹ́yìn àwọn tó kù, kó sì gba iṣẹ́ gbígbá ilẹ̀ ìrọ̀lẹ́. A kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, bó bá dé ní mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó pẹ́ nìyẹn, mo sì máa ń sọ fún un. Mi ò sún aago kankan fún èkejì. Ni àwọn ọmọ bá ń kùn pé mo ń ṣojúsàájú. Mo kó wọn jọ, mo ka wákàtí àwọn méjèèjì sí wọn létí, ó dọ́gba. Mi ò sọ̀rọ̀ àìsàn bàbá ẹnikẹ́ni, ìyẹn ò kàn wọ́n.

4. Ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà, kí aṣọ wà lọ́wọ́ yín

Àwọn àgbà ní bí a bá fọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, à fi tòsì fà á mọ́ra. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n wá ń bú ọmọ lónìí, wọ́n ń ra mííti páì fún un lọ́la. Ìyẹn kọ́. Ara ẹnì kan náà ni ọwọ́ méjèèjì wà, ìjókòó kan náà ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Bí ọ̀rọ̀ síìpù náà ṣe rí nígbà tí mo wá sọ ọ́ bó ṣe yẹ nìyí. Oníbàárà kankan ò sí nítòsí, mo fa àga kan sí ẹ̀gbẹ́ mi:

"Jókòó. Wo síìpù yìí. Báwo lo ṣe rí i?"

"Ó wọ́, mà."

"Ibo ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́?"

Ó fìka tọ́ ọ. "Ibí yìí, mà. Mi ò lọ̀ ọ́ kí n tó rán an."

"O ò lọ̀ ọ́, o ò sì kọ́kọ́ fọwọ́ tọ́ ọ mọ́lẹ̀. Tú u. Èmi náà wà níbí, bó bá há ẹ, pè mí. Aago mẹ́rin ni mo fẹ́ rí i."

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má fi "ojoojúmọ́ lo máa ń" bẹ̀rẹ̀. Ẹ má gbé ti ọdún tó kọjá wá. Ẹ má fi ọmọ ẹlòmíì wé e, ẹ má sì pe orúkọ bàbá rẹ̀ sí i. Síìpù ló wọ́, kì í ṣe orí rẹ̀.

Ẹ fún un ní aago kan pàtó, kí ẹ sì wò ó ní aago yẹn lóòótọ́. Ọ̀gá tó ní "màá wò ó" tí kò wò ó ti kọ́ ọmọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu òun ò tó nǹkan.

5. Ọwọ́ tó rán an ni kó tú u

Ó máa ń dùn mí láti jókòó kí n máa wo ẹni tó ń fi wákàtí méjì ṣe ohun tí màá fi ogún ìṣẹ́jú ṣe. Ẹ farada á. Bí ọjọ́ oníbàárà bá ti sún mọ́ jù, ẹ pè é fúnra yín, ẹ sọ fún un pé aṣọ ò tíì rí bó ṣe yẹ, kó di ìrọ̀lẹ́. Ẹlòmíì á pariwo. Mo ti gba ariwo yẹn rí, kò pa mí.

Bí aṣọ bá wá bàjẹ́ kọjá àtúnṣe ńkọ́? Èmi ni mo ń ra òmíràn fún oníbàárà, torí èmi ló gbé aṣọ fún. Ọmọṣẹ́ tó gé e ló ń padà sídìí ìwé ìròyìn fún ọ̀sẹ̀ méjì: orí bébà ni yóò máa gé búbà àti ṣòkòtò sí títí ìwọ̀n rẹ̀ á fi gún, kó tó tún fọwọ́ kan aṣọ ẹlòmíì. Ó máa ń tì wọ́n lójú díẹ̀, ọwọ́ wọn sì máa ń le sí i.

Ní ti òṣìṣẹ́ tó ń gbowó oṣù, ẹ ṣọ́ra. Òfin ò fàyè gba kí ẹ máa gé owó rẹ̀ bí owó ìtanràn. Bó bá jẹ́ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́ tàbí pé àìkàsí rẹ̀ ló bà á jẹ́, ẹ lè yọ iye tó mọ níwọ̀n, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sọ́rọ̀ iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti kọ́kọ́ fọwọ́ sí i nínú ìwé. Gbogbo "màá yọ ọ́ nínú owó ẹ" tí à ń sọ ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni kò bófin mu.

6. Ìwé kékeré ọjọ́ Sátidé

Ẹsẹẹsáìsì kan ni, ojú ewé kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tí a jọ fẹnu kò sí, ọjọ́ tí a máa wò ó. Mo máa ń kọ ohun tó dáa síbẹ̀ náà, bíi "ọrùn búbà mẹ́ta láìsí àtúntú." Ìṣẹ́jú mẹ́wàá fún ẹnì kan, lọ́sẹ̀. Ó ń gbà mí lọ́wọ́ ìgbàgbé ara mi, torí bí inú bá ń bí mi, ó máa ń dà bíi pé ọmọ náà ò ṣe dáadáa rí láyé rẹ̀.

7. Nígbà tí àwọn ẹlẹ́bẹ̀ bá dé

Ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣubú nìyí.

Ọmọ kan gba ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà àsansílẹ̀ lọ́wọ́ oníbàárà nígbà tí mi ò sí ńlé, kò fún mi. Nígbà tó hàn, mo ní kó lọ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọjọ́ kejì ni ìyá rẹ̀ dé, òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, àti màmá kan tó ń ta ìpékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù wa. Gbogbo wọn kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orí jì í, ọmọ yín ni. Torí tèmi, torí Ọlọ́run."

Bí mo bá ní mi ò gbọ́, agbéraga ni mí, gbogbo àdúgbò á sì gbọ́ ọ. Bí mo bá ní ó ti tán, àwọn ọmọ yòókù ti rí i pé bí èèyàn bá ti lè rí àgbà tó máa kúnlẹ̀, ohun gbogbo lọ. Tẹ́lẹ̀, ó ti tán ni mo máa ń sọ.

Ohun tí mò ń ṣe báyìí ni pé mo máa ń gbé wọn dìde kíá, màá fún wọn ní omi, màá jẹ́ kí wọ́n sọ tẹnu wọn tán. Màá wá ya ìbínú sọ́tọ̀ kúrò lára gbèsè. Mo sọ fún wọn lọ́jọ́ náà pé, "Mo ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ yín, mà. Ìbínú mi ti tán. Kó padà wá lọ́la. Ṣùgbọ́n owó wà nílẹ̀, ẹ wá bá mi jẹ́rìí sí bó ṣe máa san án." A jọ ṣe é: ẹgbẹ̀rún kan lọ́sẹ̀ nínú owó oúnjẹ tí mò ń fún un, fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, kò sì ní gba owó lọ́wọ́ oníbàárà títí yóò fi san tán. Mo bi í bóyá ẹgbẹ̀rún kan ò ní pa á lára, ó ní ó lè ṣe é. Ó buwọ́ lù ú, ìyá rẹ̀ náà buwọ́ lù ú.

Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àwọn ẹlẹ́bẹ̀ á wúlò tó bẹ́ẹ̀. Màmá onípékeré ló ń bi í láràárọ̀ Sátidé pé, "Ṣó o ti san tọ̀sẹ̀ yìí?" Nígbà tó san ti ẹ̀ẹ̀karùn-ún, èmi ni mo sọ fún oníbàárà tó kàn níwájú rẹ̀ pé, "Ẹ kówó fún un, á kó o fún mi."

8. Bó bá jù yín lọ

Jáníìmàn kan, ìyẹn télọ̀ tó ti kọ́ṣẹ́ tán tó ń bá mi ṣiṣẹ́ gbowó, wà lọ́dọ̀ mi tó ti lé láàádọ́ta ọdún. Kí n tó ra ẹ̀rọ àkọ́kọ́ mi ló ti ń rán agbádá. Bùrọ̀dá ni mò ń pè é, mo máa ń kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, òun náà ń pè mí ní Mádáàmù. Ìṣẹ́tí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yà bàrà lórí lésì dúdú. Oṣù méjì gbáko ni mo fi dákẹ́, mò ń fún àwọn ọmọ ní ìṣẹ́tí náà kí wọ́n máa tún un ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ rí i, mo tún ti padà sí tàná.

Ẹ má bá àgbà sọ irú ọ̀rọ̀ yìí láàárọ̀ níwájú àwọn ọmọdé. Mo dúró títí a fi tilẹ̀kùn. Mo kí i kú iṣẹ́, mo gbé aṣọ náà fún un, mo ní, "Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ìṣẹ́tí yìí." Mi ò ní òun ló rán an. Ó gbà á, ó nà án jìnnà sójú, ó tún fà á sún mọ́ra, ó dìde lọ sábẹ́ gílóòbù. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. "Mádáàmù, ojú mi ò rí i mọ́."

Láti nǹkan bí ogójì ọdún lọ, ojú ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rí ohun tó sún mọ́ ọn dáadáa mọ́. Ó ti mọ̀ látọjọ́ yìí, ẹ̀rù ló ń bà á pé bóun bá sọ ọ́, iṣẹ́ á bọ́ lọ́wọ́ òun. A jọ san owó ìgò ojú ní ìdajì ìdajì. A fẹnu kò pé aṣọ dúdú á máa kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó di aago méjì ọ̀sán, lẹ́bàá ilẹ̀kùn níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, àti pé ìṣẹ́tí rẹ̀ á máa lọ sábẹ́ téèpù bíi ti gbogbo wa. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló ṣòro fún un jù. Mo ṣì ń kúnlẹ̀ kí i, ó ṣì jẹ́ "ẹ" lẹ́nu mi. Téèpù ni kò mọ àgbà.

Bó bá jẹ́ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojú ńkọ́, tó jẹ́ pé ó kàn ń fojú di mí ni? Ọ̀nà kan náà ni màá gbà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Lẹ́ẹ̀kejì, màá pe ẹni tó bọ̀wọ̀ fún, ìyẹn ẹgbẹ́ rẹ̀ tàbí ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́, kó bá wa jókòó.

9. Orúkọ tiyín náà wà nínú ìwé

Ọ̀gá tó gba aṣọ ogójì fún ọdún iléyá, tó sì mọ̀ pé márùndínlọ́gbọ̀n lagbára ṣọ́ọ̀bù, òun ló jẹ̀bi ìpẹ́, kì í ṣe ọmọṣẹ́. Mo ní ojú ewé tèmi nínú ẹsẹẹsáìsì náà. Àwọn ọmọ ló ń sọ ohun tí màá kọ síbẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ní kí n kọ ọ́ pé owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ méjì ṣì wà lọ́rùn mi. Mo san án lọ́jọ́ náà.

10. Bó bá di pé kẹ́ ẹ túká

Bí ọ̀rọ̀ kan náà bá ti wà nínú ìwé lẹ́ẹ̀mẹta, tí ẹ ti kọ́ ọ, tí ẹ ti bá a gbé ohun tó ń dí i lọ́wọ́ kúrò, ẹ sọ fún un lójú ara rẹ̀. Ẹ má fi ebi lé e, ẹ má sì sọ iṣẹ́ di ìyà kó lè fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ fúnra rẹ̀.

Bí kò bá sí ọjọ́ kankan nínú àdéhùn òṣìṣẹ́, òfin ti dá iye ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ fi sọ fún un tẹ́lẹ̀: ọjọ́ 1 bí kò bá ju oṣù 3 lọ lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀sẹ̀ 1 bó bá jù bẹ́ẹ̀ tí kò tíì pé ọdún 2, ọ̀sẹ̀ 2 bí kò bá tíì pé ọdún 5, oṣù 1 bó bá ti pé ọdún 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọ̀sẹ̀ kan sókè, inú ìwé ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí.

Lọ́jọ́ tó bá ń lọ, ẹ ka owó rẹ̀ sí i lọ́wọ́ kó pé, kó buwọ́ lù ú. Ẹ dá sísọ́ọ̀sì àti téèpù rẹ̀ padà fún un. Bí oníbàárà bá béèrè rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ ní ó ti lọ, kí ẹ sì bi í nípa aṣọ tó gbé wá.